Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ jẹ́ńdà fún òṣìṣẹ́ àjọ ìdàgbàsókè: ta ló yẹ kó jókòó, kí ló sì yẹ kó yí padà?

ÌBÉÈRÈ

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Àjọ kan tó ń fi owó ilẹ̀ òkèèrè ṣe iṣẹ́ àgbẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ni mo ń bá ṣiṣẹ́. Èmi ni mò ń lọ sí abúlé, tí mò ń kọ orúkọ àgbẹ̀ sílẹ̀, tí mò ń pín irúgbìn àti ẹ̀rọ. Wọ́n ti pàṣẹ pé gbogbo wa gbọ́dọ̀ jókòó fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́ jẹ́ńdà (ẹ̀kọ́ nípa ipò ọkùnrin àti obìnrin láwùjọ) ọlọ́jọ́ méjì ní hòtẹ́ẹ̀lì kan n'Íbàdàn. Ọ̀gá mi ní tí a ò bá lọ, inú àwọn tó ń fún wa lówó ò ní dùn. Ẹnìkejì mi níbi iṣẹ́ ní ọ̀rọ̀ òyìnbó ni, kí n gba owó ìrìnnà mi kí n sì máa sùn. Ìyá mi ló tọ́ mi, mi ò lu obìnrin rí, mi ò sì rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ. Kí ni wọ́n tún fẹ́ kọ́ mi? Tọkàntọkàn ni mo fi ń béèrè.

* * *

Àbúrò, o ṣeun tí o béèrè kí o tó lọ. Iṣẹ́ rẹ ni wọ́n fẹ́ yẹ̀ wò, ìwà rẹ kọ́. Èèyàn lè jẹ́ ọmọlúàbí pátápátá, kó sì fi bírò kan ṣoṣo gba oko lọ́wọ́ odindi abúlé obìnrin. Jẹ́ kí n fi Gambia ṣàlàyé, torí òun ni mo máa ń kọ́kọ́ gbé kalẹ̀ níwájú àwọn òṣìṣẹ́ tí mo bá ń dá lẹ́kọ̀ọ́.

Lẹ́bàá odò Gambia, obìnrin ẹ̀yà Mandinka ló ń gbin ìrẹsì nínú àbàtà. Ọkùnrin ń gbin ẹ̀pà àti jéró lórí ilẹ̀ gbígbẹ. Ní 1966 àwọn ará Taiwan dé, wọ́n ní àwọn fẹ́ ran ìlú náà lọ́wọ́ kó lè máa jẹ ìrẹsì tirẹ̀. Lẹ́yìn wọn Báǹkì Àgbáyé dé, lẹ́yìn ìyẹn àwọn ará Ṣáínà. Ohun kan náà ni gbogbo wọn ṣe: ọkùnrin ni wọ́n pè sí ìpàdé, ọkùnrin ni wọ́n yá lówó, ọkùnrin ni wọ́n kọ́ bí a ṣe ń fi ẹ̀rọ fa omi sóko. Àwọn tó mọ ìrẹsì láti kékeré wà nínú ẹrẹ̀, ẹnikẹ́ni ò bi wọ́n léèrè.

Nígbà tó di ọdún 1984, IFAD, àjọ UN tó ń fi owó ran iṣẹ́ àgbẹ̀ lọ́wọ́, àti àwọn olówó mìíràn bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ńlá kan ní Jahaly àti Pacharr. Ariwo ti pọ̀ nígbà náà, torí náà wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé pé obìnrin ni yóò ni ilẹ̀ náà. Nígbà tí wọ́n ń forúkọ sílẹ̀ ńkọ́? Orúkọ àwọn baálé ló wọ ìwé. Àwọn obìnrin fárí gá, wọ́n tún ìwé kọ, orúkọ obìnrin wọlé. O máa rò pé ọ̀rọ̀ ti parí. Kò parí rárá. Oríṣi oko méjì ni àwọn Mandinka ní: maruo ni oko gbogbo ilé, tí baálé ń ṣe olórí ohun tó bá ti inú rẹ̀ jáde, kamanyango ni oko àdáni, tí ẹni tó gbin ín ló ni owó rẹ̀. Àwọn baálé ní maruo ni ilẹ̀ tuntun náà, àwọn tó ń darí iṣẹ́ náà sì gbà fún wọn. Orúkọ obìnrin wà nínú ìwé, ìrẹsì wà lábẹ́ àṣẹ ọkọ, iṣẹ́ sì tún lé sí i torí pé ilẹ̀ tí ẹ̀rọ ń bomi rin, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ń gbin ín lọ́dún. Àwọn obìnrin kan kọ̀, wọn ò ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Àwọn mìíràn ní kí ọkọ sanwó fún àwọn. Àwọn kan lọ ń gba iṣẹ́ lébìrà lóko ẹlòmíràn. Ìjà wọ ilé.

Àwọn òṣìṣẹ́ tó ṣe gbogbo èyí, mi ò rò pé èèyàn burúkú ni wọ́n. Kò sí ẹni tó kọ́ wọn láti béèrè ìbéèrè mẹ́ta péré: ta ló ń ṣe iṣẹ́ náà, ta ló ń lo ohun èlò rẹ̀, ta ló sì láṣẹ lórí ohun tó bá mú wá? Ohun tó yẹ kí wọ́n kọ́ ọ n'Íbàdàn nìyẹn.

* * *

Ọ̀pọ̀ yín ti fèsì sábẹ́ ọ̀rọ̀ yìí, ẹ jẹ́ kí n máa dá yín lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan. Bùọ̀dá tó ní "ọ̀rọ̀ òyìnbó" ni, mo gbọ́ yín, àwọn mìíràn náà sì ti gbè yín lẹ́sẹ̀. Òótọ́ ni pé òkè òkun ni ètò ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí ti wá. Ní 1970, Ester Boserup, onímọ̀ ọrọ̀ ajé ọmọ Denmark, ṣàlàyé bí obìnrin ṣe ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ oko oúnjẹ ní ọ̀pọ̀ ibi nílẹ̀ Áfíríkà, àti bí àwọn amúnisìn ṣe kó irúgbìn tuntun, ẹ̀kọ́ àti owó lé ọkùnrin lọ́wọ́. Ní 1973, Sẹ́nétọ̀ Charles Percy fi gbólóhùn kan kún òfin ìrànwọ́ ilẹ̀ òkèèrè ti Amẹ́ríkà pé kí àǹfààní rẹ̀ máa dé ọ̀dọ̀ obìnrin. Ní ọdún kejì, USAID, àjọ ìrànwọ́ ìjọba Amẹ́ríkà, dá ọ́fíìsì kan sílẹ̀ fún un. Àpérò àgbáyé lórí ọ̀rọ̀ obìnrin wáyé ní Mexico ní 1975, ní Nairobi ní 1985, ní Beijing ní 1995. Láti Beijing ni wọ́n ti ní kí ọ̀rọ̀ náà kúrò lọ́wọ́ ọ́fíìsì obìnrin nìkan, kó wọ gbogbo ẹ̀ka iṣẹ́, ìbáà jẹ́ ojú ọ̀nà, omi, tàbí báǹkì.

Ṣùgbọ́n ẹ tún ìtàn yẹn kà dáadáa. Èrò pé ọkùnrin nìkan ni àgbẹ̀, ta ló gbé e wá sí Gambia? Àwọn tó wá ṣèrànwọ́ ni. Aṣọ tí wọ́n fi ojú ara wọn rán ni wọ́n fẹ́ wọ̀ fún wa. Nítorí náà, tí àjọ bá ń kọ́ òṣìṣẹ́ rẹ̀ láti má gbé irú èrò bẹ́ẹ̀ wọ abúlé mọ́, èmi ò rí ibi tí wọ́n ti fi àṣà òyìnbó kọ́ wa nínú ìyẹn.

Àti pé àwọn obìnrin tiwa ò dúró de Beijing. Ní Abẹ́òkúta, àwọn aláte tó tẹ̀lé Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti ti ń jà nítorí ìrẹsì tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ń gbẹ́sẹ̀ lé, àti nítorí owó orí tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ obìnrin tí kò sì sí obìnrin kan níbi tí wọ́n ti ń ṣèpinnu. Ní 1949, Aláké kúrò lórí oyè fún ìgbà díẹ̀. Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ yìí ò sí nílẹ̀ wa kó lọ béèrè ní Ẹ̀gbá.

* * *

Ó tó ọ̀rọ̀ ìtàn. Ẹ jẹ́ ká wá sí hòtẹ́ẹ̀lì.

Àwọn tó pọ̀ jù nínú yín ní ọjọ́ méjì ò lè yí ohunkóhun padà. Mo fara mọ́ ọn dé ààyè kan. Mo ti jókòó síbi tí wọ́n ti fi òwúrọ̀ kan gbáko kọ́ òṣìṣẹ́ ní ìtumọ̀ ọ̀rọ̀, tí wọ́n fi ọ̀sán pín wọn sí ẹgbẹ́ láti ya àwòrán obìnrin àti ọkùnrin sórí pépà ńlá, tí wọ́n ya fọ́tò, tí wọ́n pín sátífíkéètì, tí ẹnikẹ́ni ò sì mú fọ́ọ̀mù iṣẹ́ rẹ̀ jáde nínú báàgì. Ní ọjọ́ Ajé, fọ́ọ̀mù kan náà ni wọ́n gbé padà lọ sí abúlé. Kí ni wọ́n fẹ́ kó yí padà?

Níbi iṣẹ́ kan tí mo wà, lẹ́yìn Ìsẹ́yìn, a fẹ́ mọ ohun tí àwọn tó ń yan gàrí nílò. Aago mẹ́wàá òwúrọ̀ ni ìpàdé, abẹ́ igi níwájú ilé baálẹ̀. Ọjọ́ ọjà ló bọ́ sí. Àwọn ọkùnrin kún ibẹ̀, obìnrin díẹ̀ jókòó lẹ́yìn, àwọn tó ti dàgbà tí wọn kì í lọ sọ́jà mọ́. Àwọn ọkùnrin ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń rin ẹ̀gẹ́ ni wọ́n nílò, èyí tó tóbi, tó ń lo dísẹ́ẹ̀lì. Akọ̀wé wa kọ ọ́ sílẹ̀. Dírẹ́bà wa tó dúró ti ọkọ̀ lẹ́bàá ọ̀nà ló ń bá àwọn ìyá tó ń ti ọjà bọ̀ sọ̀rọ̀. Nígbà tí a ń padà, ó ní, "Àǹtí, àwọn ìyá yẹn ní ẹ̀rọ ti wà ní abúlé méjì tó sún mọ́ wọn o. Wọ́n ní jáàkì tí wọ́n fi ń fún ẹ̀gẹ́ ti bàjẹ́, òkúta ni wọ́n ń gbé lé àpò, ó ń di ọjọ́ mẹ́ta kó tó gbẹ. Wọ́n ní èéfín ibi tí wọ́n ti ń yan án ń fọ́ wọn lójú."

A padà lọ ní ọjọ́ tí kì í ṣe ọjọ́ ọjà, ní ìrọ̀lẹ́, síbi ààrò fúnra rẹ̀. Ìyá kan jókòó ti agbada, ó yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí èéfín má baà bọ́ sí i, ọwọ́ rẹ̀ kò dúró bó ṣe ń fi igbá ro gàrí. Kò dá iṣẹ́ dúró láti bá wa sọ̀rọ̀, torí tó bá dúró ó máa jóná. Ó ní ọkùnrin ló máa ń ni ẹ̀rọ rírin, òun á sanwó fún wọn lórí agbọ̀n kọ̀ọ̀kan. Tí àjọ bá gbé ẹ̀rọ tuntun wá, ọwọ́ ẹni tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ bá wà ni owó máa lọ. Ohun tó máa fi nǹkan kún àpò tirẹ̀ ni jáàkì, àti ààrò tó ní ibi tí èéfín ń gbà jáde. Owó méjèèjì papọ̀ kò tó ìdajì owó ẹ̀rọ ńlá yẹn.

Ọjọ́ ìpàdé, aago ìpàdé, ibi tí ẹ jókòó sí, ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀: èyí ni mo fẹ́ kí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ dá lé. Tí ọjọ́ méjì bá jẹ́ ọjọ́ méjì tí ẹ fi tún fọ́ọ̀mù àti ètò ìpàdé yín ṣe, ó tó láti bẹ̀rẹ̀.

* * *

Ẹ̀gbọ́n tó ń kọ láti London ní ní olú ilé iṣẹ́ tiwọn, orí kọ̀ǹpútà ni wọ́n ti ń ṣe é, wákàtí kan, o tẹ èyí, o tẹ ìyẹn, o gba sátífíkéètì. Ó wúlò fún kí èèyàn lè mọ ìpìlẹ̀. UN Women, ẹ̀ka UN tó ń rí sí ọ̀rọ̀ obìnrin, náà ní èyí tó jẹ́ ọ̀fẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń buwọ́ lu owó ní London ló yẹ kó jókòó ju ẹnikẹ́ni lọ, torí òun ló ń kọ̀ láti fi owó ọ̀nà sílẹ̀ fún ìpàdé ẹlẹ́ẹ̀kejì, tó ń béèrè pé kí ló dé tí ẹ fi padà sí abúlé kan náà.

* * *

Ẹni tó ní "àjọ wa ti ní gender officer (òṣìṣẹ́ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ jẹ́ńdà), kí ló kàn wá": rárá o. Ọ̀rọ̀ yìí ti ba iṣẹ́ jẹ́ jù. Ẹ rántí àwọn ADP wa, ètò ìdàgbàsókè iṣẹ́ àgbẹ̀ ní ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan, tí Báǹkì Àgbáyé tì lẹ́yìn. Ọkùnrin ló pọ̀ jù nínú àwọn òṣìṣẹ́ tó ń lọ bá àgbẹ̀, ọkùnrin ni wọ́n sì ń lọ bá. Nígbà tí àwọn ọdún 1980 ń parí lọ ni wọ́n dá ẹ̀ka Women in Agriculture (WIA) sílẹ̀ nínú àwọn ADP, tí obìnrin fi ń lọ bá obìnrin. Ó ṣe oore gan-an. Ẹ̀kọ́ nípa gàrí, èlùbọ́, sóyà, àwọn ló gbé e dé ọ̀pọ̀ abúlé. Ṣùgbọ́n mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn òṣìṣẹ́ ọkùnrin, léraléra: "Ti obìnrin? Ẹ lọ bá àwọn WIA." Irúgbìn tuntun, ajílẹ̀, owó yíyá, ọ̀dọ̀ àwọn ọkùnrin ló kù sí. Obìnrin tó ní oko àgbàdo tirẹ̀ wá di ẹni tí wọ́n ń kọ́ bí a ṣe ń se sóyà.

Ẹni kan ṣoṣo tó ní ọ̀rọ̀ jẹ́ńdà lórí tábìlì, láìní owó, láìní ọkọ̀, láìsí àṣẹ láti dá iṣẹ́ tó ń bàjẹ́ dúró, kí ni ẹ fẹ́ kó ṣe? Ẹ kọ́ akọ̀wé owó, ẹ kọ́ ẹni tó ń ra nǹkan, ẹ kọ́ dírẹ́bà.

* * *

Lórí dírẹ́bà: àwọn méjì ti bi mí bóyá mo mọ ohun tí mò ń sọ. Mo mọ̀ ọ́n. Dírẹ́bà ló ń gbọ́ èdè abúlé, òun ló ń dúró nígbà tí ẹ̀yin wà ní ìpàdé, òun ni àwọn obìnrin ń bá sọ òótọ́. Ó sì lágbára láti ṣe ibi pẹ̀lú, torí ọkọ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, àwọn ọmọbìnrin sì ń fẹ́ ẹni tó máa gbé wọn dé títì.

Lórí bóyá kí ọkùnrin àti obìnrin jókòó lọ́tọ̀ọ̀tọ̀: wákàtí díẹ̀ lọ́tọ̀, èyí tó kù papọ̀. Àwọn obìnrin nínú òṣìṣẹ́ ní ohun tí wọn ò ní sọ níwájú ọ̀gá ọkùnrin: ibi tí wọ́n ń sùn tí wọ́n bá lọ sí oko, ilé ìtura tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ò ní kọ́kọ́rọ́, aboyún tí wọ́n ṣì ń gbé gun ọ̀kadà. Tí àjọ ò bá lè tún ti àwọn òṣìṣẹ́ tirẹ̀ ṣe, àwọn ará abúlé máa rí i.

* * *

Sisí tó béèrè nípa ìfìtínà lórí ìbálòpọ̀, ẹ ṣeun. Mo fẹ́ sọ èyí kíkankíkan. Ọ̀tọ̀ ni ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yẹn, kò sì yẹ kí wọ́n fi ìṣẹ́jú ogún ìkẹyìn ọjọ́ kejì ṣe é nígbà tí àwọn èèyàn ti ń wo aago.

Ní 2002, UNHCR, àjọ UN tó ń rí sí àwọn tó sá ogun, àti Save the Children UK gbé ìròyìn jáde nípa àwọn àgọ́ àwọn tó sá ogun ní Guinea, Liberia àti Sierra Leone: àwọn òṣìṣẹ́ ìrànwọ́ ń fi oúnjẹ gba ìbálòpọ̀ lọ́wọ́ àwọn ọmọbìnrin kéékèèké. Oúnjẹ tí wọ́n kó wá fún wọn lọ́fẹ̀ẹ́! Ọdún tó tẹ̀lé e ni Akọ̀wé Àgbà UN gbé òfin jáde tó ka irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sí ẹ̀ṣẹ̀ ńlá tó lè lé èèyàn lẹ́nu iṣẹ́, tó sì ka ìbálòpọ̀ pẹ̀lú ẹni tí kò tíì pé ọdún 18 léèwọ̀, ohun yòówù kí òfin ìlú náà wí. Síbẹ̀ bí àwọn òṣìṣẹ́ Oxfam (àjọ ìrànwọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì) kan ṣe ń sanwó fún ìbálòpọ̀ ní Haiti lẹ́yìn ìmìtìtì ilẹ̀ ọdún 2010 kò tú síta fún gbogbo ayé àfi ní 2018. Ní Congo, nígbà Ebola tó bẹ̀rẹ̀ ní 2018, àwọn obìnrin tó wá iṣẹ́ bọ́ sọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ tó ní àfi kí wọ́n kọ́kọ́ bá àwọn sùn. Ìgbìmọ̀ tí WHO, àjọ ìlera àgbáyé, fúnra rẹ̀ gbé kalẹ̀ ló fìdí ẹ̀ múlẹ̀ ní 2021.

Gbogbo àjọ wọ̀nyẹn ló ní ìwé òfin. Torí náà, kí òṣìṣẹ́ mọ òfin sórí nìkan ò tó mi. Mo fẹ́ kó lè dáhùn: tí ọmọbìnrin kan ní abúlé rẹ bá fẹ́ fẹ̀sùn kàn ọ́, ta ló máa lọ bá? Ṣé ó ní nọ́ńbà ẹni náà? Ṣé èdè Yorùbá, Hausa tàbí Fúlàní ni ẹni yẹn máa fi gbé fóònù? Ṣé ẹni yẹn kì í ṣe ọ̀rẹ́ rẹ? Nígbà tí mo bá béèrè èyí, yàrá máa ń dákẹ́, lẹ́yìn náà ẹnìkan á ní àpótí ẹ̀sùn wà ní ọ́fíìsì ní ìlú. Owó ọkọ̀ láti abúlé dé ìlú yẹn, ta ló máa san án?

* * *

Ọ̀rọ̀ àṣà. Bàbá kan ní nílẹ̀ Yorùbá, obìnrin ń ṣòwò, obìnrin ń jẹ Ìyálóde, a ò nílò ẹ̀kọ́ yìí. Ọ̀mọ̀wé Oyèrónkẹ́ Oyěwùmí tilẹ̀ ti jà fún un láti 1997 pé ọjọ́ orí àti ipò àgbà ló ń tò wá láwùjọ kí àwọn amúnisìn tó dé, pé ọ̀rọ̀ takọ-tabo kọ́ ni òpó ilé wa. Àwọn onímọ̀ mìíràn ò gbà fún un pátápátá, èmi náà ò sì gbà pé ó rí bẹ́ẹ̀ lónìí, torí mo mọ ẹni tí wọ́n ń kọ orúkọ rẹ̀ sórí ìwé ilẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó sọ nípa àgbà wúlò fún iṣẹ́ oko ju ọ̀pọ̀ ìwé tí wọ́n ń pín ní hòtẹ́ẹ̀lì lọ.

Ẹ wò ó: àjọ á dá ẹgbẹ́ obìnrin sílẹ̀, á ní "àwọn obìnrin ti sọ̀rọ̀." Ta ló sọ̀rọ̀? Ìyálọ́jà, àwọn ìyálé, àti ọmọ ilé tó ń bá àwọn ìyàwó ilé wí. Ìyàwó kékeré tó ń gbé omi, tó ń bẹ ẹ̀gẹ́ láti àfẹ̀mọ́júmọ́, kò ní ya ẹnu níwájú wọn. Owó yíyá tí ẹ ní obìnrin ń gbà, ọwọ́ àwọn tí kò ṣàìní tẹ́lẹ̀ ló ń bọ́ sí. Olùdánilẹ́kọ̀ọ́ tó wá láti ìlú òkèèrè ò lè rí èyí, àfi kí ẹ̀yin tó mọ ilé sọ ọ́ síta ní yàrá yẹn. Ìdí nìyí tí mo fi ń ta ko kí wọ́n máa fi èdè Gẹ̀ẹ́sì nìkan ṣe é. Àwọn tó mọ̀ jù nínú òṣìṣẹ́ ló máa ń dákẹ́ tó bá ti di Gẹ̀ẹ́sì.

* * *

Àbúrò, mo rí i pé o tún padà wá béèrè ohun tó yẹ kí o mú dání. Má mú ìwé àlàyé kankan. Mú fọ́ọ̀mù tí o fi ń kọ orúkọ àgbẹ̀, èyí tí o ti kọ nǹkan sí, kí o fi nǹkan bo orúkọ àwọn èèyàn. Mú àkọsílẹ̀ ìpàdé tí ẹ ṣe kẹ́yìn àti àkọsílẹ̀ àwọn tó gba ẹ̀rọ.

Wo ibi tí wọ́n kọ "olórí ilé" sí. Obìnrin tí ọkọ rẹ̀ ti wà ní Èkó láti ọdún mẹ́fà, tó ń dá oko, tó ń sanwó ilé ìwé, orúkọ ta lo kọ síbẹ̀? Fi ìlà méjì kún un: ta ló ń ṣiṣẹ́ oko yìí, ta ló ń mú owó rẹ̀? Lẹ́yìn náà wo ọjọ́ ìpàdé, kí o fi wé ọjọ́ ọjà ibẹ̀.

Tí olùdánilẹ́kọ̀ọ́ bá ní kò sí àyè fún un nínú ètò, bi í níwájú gbogbo yín kí ẹ tó jẹun ọ̀sán ọjọ́ kìíní, kí ó lè ṣètò ọjọ́ kejì fún un. Kí ọ̀gá rẹ buwọ́ lu fọ́ọ̀mù tuntun náà kí ẹ tó kúrò ní hòtẹ́ẹ̀lì, torí tí ẹ bá ti délé, iṣẹ́ á ti pọ̀ jù, kò sì ní sí ẹni tó máa rántí rẹ̀ àfi ìwọ.